Ta Ló Ni Ilẹ̀dú Tí O Kó Ránṣẹ́ Sí Mi?

Abúlé wa, lẹ́yìn Malete,
Ọjọ́ Àtàlátà, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Abdulwaris, Àdìsá ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun bá ọ nílé, kó bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, kó má ṣe fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo kí Ummu-Kulthum ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo yín kú ìfaradà iná ìjọba tó ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ ní Fate, ní Ìlọrin. Èmi náà wà, mo le, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi ṣe awuyewuye, yóò sú òun náà lọ́jọ́ kan. Fàsílátù aládùúgbò mi kí ọ. Àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ tún ti bí ìbejì, èmi ni mò ń fara dà á.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màámi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù mi kò sí lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ìgbà, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ní Malete ló máa ń sùn kí iná lè wọ̀ ọ́, ẹni tí fóònù bá sì ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò mọ àṣírí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdílé kò gbọdọ̀ sùn lóde. Yàtọ̀ sí èyí, tí a bá wà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ mi kì í tíì dé ìdajì tí wàá ti ní kí n má bínú, o wà ní ìpàdé. Lẹ́tà kì í wà ní ìpàdé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ìwé tí mo ń kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà láti ọdún tó kọjá kò gbọdọ̀ ṣòfò, tí o bá rí ibi tí àmì ohùn ti ṣubú, kí o gbé e dìde fúnra rẹ.

Kí n tó rìn jìnnà, jẹ́ kí n sọ ibi tí mò ń lọ fún ọ. Mi ò wá sí Fate. Mi ò wá lóṣù yìí, mi ò wá lóṣù tó ń bọ̀, má sì rán mọ́tò kankan wá gbé mi.

O rántí ọjọ́ tí o wá gbẹ̀yìn. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ti ń yọjú, o dúró ní ẹ̀yìnkùlé, o wo ọgbà ẹ̀fọ́ mi, tẹ̀tẹ̀ ti rọ, ata ti ká ewé jọ. O gba garawa lọ́wọ́ mi, o da omi sí ìdí ata, omi náà wọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, o ní ẹ wò ó, iyanrìn lásán ni, kò mú omi dúró, kò mú ajílẹ̀ dúró, oòrùn sì ń sun ìyókù. O ní obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ máa fa omi kànga fún iyanrìn mu. O ní kí n palẹ̀ mọ́, pé yàrá mi ti wà nílẹ̀ ní Fate, ó ní fáànù, ó sì ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Mo bi ọ́ pé kí ni kí n máa fi ilé ìwẹ̀ ṣe, ṣé kí n máa wẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni. O rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Iyanrìn tí o ń bú yẹn ló bọ́ ọ tí o fi ga tó báyìí, ó sì dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ibi tí a fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé ìwọ yóò fi típà ilẹ̀dú kan ránṣẹ́ láti ìlú. Tí ẹ̀fọ́ bá jáde dáadáa kí Ààwẹ̀ tó wọlé, mo dúró sí ilé bàbá rẹ. Tí kò bá jáde, mo di ẹrù mi. O wo fóònù rẹ, o ní fóònù ní kí a da ilẹ̀dú lé orí iyanrìn kó ga tó ìdajì ẹsẹ̀. Mo ní fóònù náà ti roko rí ni? Ẹni tó bá da ilẹ̀dú lé iyanrìn lórí lásán, bí ẹni da ọbẹ̀ lé ìrẹsì ni, gbòǹgbò yóò jókòó sókè níbi adùn, kò ní fẹ́ sọ̀kalẹ̀, oòrùn ọjọ́ méjì péré, ó parí. Ńṣe là ń ro ó pọ̀ mọ́ iyanrìn, kí a fi ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ tó ti gbẹ sí i, kí a wá fi koríko gbígbẹ bò ó lójú kí oòrùn má baà rí i. O tún wo fóònù, o ní bẹ́ẹ̀ náà ló wí nísàlẹ̀. Ó dára, inú mi dùn pé ó ń gbọ́ràn.

Ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni típà náà dé. Toyyib ni awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ́, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń kánjú. Ó já ilẹ̀dú náà sí ẹ̀yìnkùlé, gìrìrì, eruku bo Fàsílátù níbi tó ti ń yọjú lórí ọgbà. Kí n má purọ́ mọ́ ọ, ilẹ̀ náà dára. Ó dú, ó rọ̀, ó ń ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fún un, ó dì, mo tú ọwọ́ sílẹ̀, ó tú. Inú mi dùn. Inú dídùn náà kò tíì rí ibi jókòó tí ẹ̀rù fi bà mí, torí mo rántí pé ilẹ̀ kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run, ibì kan ti ní láti di kòtò kí tèmi tó di òkìtì.

Mo bi Toyyib pé ta ló ni ilẹ̀ yìí. Ó ní èmi ni. Mo ní kó tó di tèmi ńkọ́. Ó ní ti ilé iṣẹ́ àwọn ni. Mo ní kó tó di ti ilé iṣẹ́ wọn ńkọ́. Ó wo oòrùn, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n ṣáà fọwọ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ òun, òun ṣì ní ẹrù méjì láti gbé.

Abdulwaris, ìwọ náà ka ohun tí Ànábì wa sọ, ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá a. Èmi ni mo mú ọ lọ sí ilé kéwú, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ọmọnìkejì rẹ̀, ì báà ṣe ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a nà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ilẹ̀ méjèèje ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde. Ìwọ̀n ọwọ́ kan péré nìyẹn o. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi wọn òkìtì náà yípo, ọwọ́ márùndínláàádọ́ta ló jẹ́ nísàlẹ̀, mi ò tíì wọn gíga rẹ̀. Ọrùn wo ni mo fẹ́ fi gbé ìyẹn? Orúnkún kan ṣoṣo ló ń dùn mí, ó sì ti tó mi í gbé.

Ìwé tí Toyyib ní kí n fọwọ́ sí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gba ẹrù ní pípé àti ní dídára. Mo ní ẹ̀rí jíjẹ́ ni ìyẹn, ẹnì kan kì í sì í dá jẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe Àfáà Àbdùlkàrímù àti ìyàwó rẹ̀, mo pe Fàsílátù mọ́ wọn, ọkùnrin kan àti obìnrin méjì, bó ṣe wà nínú Àlùkùránì. Àfáà ní kí àwọn ọmọ kéwú òun parí wàláà wọn ná. Toyyib jókòó sábẹ́ igi láti Àìlà títí dé Alásàrì. A kírun pọ̀, òun ló pe ìrun pàápàá, ohùn rẹ̀ dùn. Nígbà tí gbogbo wa wá pé, Àfáà ní kó fi Ọlọ́hun búra pé olóhun yọ̀ǹda ilẹ̀ náà tọkàntọkàn. Ló bá dìde, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní awakọ̀ lòun, òun kì í ṣe àlùkáálì. Ó wọ típà, ó lọ, ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Fàsílátù ní kí n ṣáà tú ilẹ̀ ká, pé ta ni yóò mọ̀. Mo ní Ẹni tí yóò mọ̀ gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Mo fi ọ̀rá ńlá bo òkìtì náà, mo gbé òkúta lé e, mo sì ń fi igi lé ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Àlàrùbá, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Malete, mo wá sí Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dé ìlú rẹ, mi ò sì yà sílé rẹ, torí ẹ ò bá gbé mi jókòó sórí àga tó ń rì yẹn kí ẹ tún máa sọ̀rọ̀ yàrá. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ni mo tẹ̀ lé dé Táíwò Road. Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín àwọn tó ń ta fóònù, wọ́n gbin òdòdó sínú ìkòkò síwájú rẹ̀, ó pọ̀ lọ jàra, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo tó ṣeé sè níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sadiya ló wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n kọ́ ọ nílé. Ó ní kí ni nọ́ńbà mi. Mo ní èmi nìkan ni mo wà níwájú rẹ̀, ẹni kìíní ni mí. Ó ní nọ́ńbà ọjà tí mo rà lòun ń wí. Mo ní ọmọ mi ló rà á, ilẹ̀ ló rà, mo fẹ́ mọ ẹni tó ni ín kí n lè bẹ̀ ẹ́ kó fi jì mí kí n tó gbin tẹ̀tẹ̀ sí i.

Ó wò mí títí. Ó ní ṣé ilẹ̀ náà kò dára ni, pé tí kò bá dára, fọ́ọ̀mù wà tí a fi ń sọ ohun tó ń dunni. Mo ní ó dára púpọ̀, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ó ní kò sí fọ́ọ̀mù fún ẹni tí ọjà rẹ̀ dára jù. Mo ní kó mú èyí tó wà wá. Mo kọ orúkọ mi sí i, Bàríkísù, kò sì ku lẹ́tà kan. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú ẹ̀sùn, mo ní kó bá mi kọ ọ́ pé mo ń bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ó kọ ọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó fún mi ní ẹ̀dà kan, ó wà lọ́wọ́ mi.

Àánú mi wá ṣe ọmọ náà, ó pe Toyyib lórí fóònù. Toyyib ní Malete ni àwọn ti wa ilẹ̀ náà, ní àkúrọ̀ kan létí odò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Sadiya ní àkúrọ̀ wo. Toyyib ní èyí tí wọ́n gé igi irúgbá ńlá méjì nínú rẹ̀.

Abdulwaris, ṣé àkúrọ̀ méjì ló ní igi irúgbá méjì létí odò yẹn?

Mi ò mọ bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì padà. Mo fẹsẹ̀ mi lọ síbẹ̀. Igi ti lọ. Wọ́n ti ha ojú ilẹ̀ náà kúrò títí tí ilẹ̀ pupa fi yọ, bíríkì ti wà nílẹ̀. Àkúrọ̀ tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, fi ogún ọdún sọ di ilẹ̀dú, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ru ìgbẹ́ màlúù lọ sí láràárọ̀, ìwọ lẹ́yìn mi. Ìwọ sọ fún mi pé o fi háyà fún àgbẹ̀ kan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kọ́lé náà, Alhaji Mansur kan báyìí, fún mi lómi, ó gbé àga fún mi, ó mú ìwé tí ó fi ra ilẹ̀ náà jáde. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Àmì ìka mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ọdún méjì sẹ́yìn ni, mi ò tíì mọ̀wé, o mú ìwé òyìnbó wá, o ní ọ̀rọ̀ àkúrọ̀ ni, mo sì tẹ̀ka. Ìgbà yẹn ni ìjọba ń kọ orúkọ àgbẹ̀, mo rò pé ajílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pín fún wa. Mo gbá igun yàrá, mo tẹ́ pákó síbẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà ba àpò ajílẹ̀ jẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ń retí ajílẹ̀. Ìgbàkígbà tí o bá wá ni mo ń bi ọ́, o sì ń ní yóò dé. Mo bú ìjọba láàárọ̀, mo bú u lálẹ́, ìjọba tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí èébú yẹn. Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o kò lè wo ojú mi kí o sọ pé Màámi, mo ta á? Mo bínú, mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n.

Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Àfáà. Ó ní ẹni tí kò mọ ohun tó tẹ̀ka sí kò tíì ta nǹkan kan. Ó ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú tó fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀, Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló pín in, ìyókù tìẹ ni torí ìwọ nìkan ni Ó fi sílẹ̀ fún wa. Àfáà wá ní ẹni tí mò ń wá kiri gbogbo Ìlọrin kí n lè bẹ̀ ẹ́, èmi gan-an ni. Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, ìyàwó rẹ̀ kò mọ èyí tí òun yóò bá mi ṣe nínú méjèèjì.

Ọdún tí o tà á yẹn náà lo kan òrùlé ilé Fate. Mo gbàdúrà sí òrùlé yẹn, o rántí, mo ní kí Ọlọ́hun bu sí àpò tí owó ti jáde. Mi ò mọ̀ pé àpò mi ni. A jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ilé yẹn jẹ́ tèmi. Mi ò wá gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí o wọ̀n ọ́n. Tó bá bọ́ sí yàrá onílé ìwẹ̀ yẹn, tì í pa, kí o fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Tó bá bọ́ sí ilé ìdáná, Ummu-Kulthum lè máa dáná níbẹ̀, ọmọ dáadáa ni, mo yọ̀ǹda fún un, ṣùgbọ́n kó máa rántí mi tó bá ń ro ọkà.

Gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò. Ọjọ́ Jímọ̀, kí n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀dú náà, mo pe àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí wọ́n jẹ́rìí pé mo fi jì ọ́, láyé àti lọ́run. Kì í ṣe pé ohun tí o ṣe dára. Kò dára. Mo kàn rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ ni, mi ò lè fojú inú wo ilẹ̀ méjèèje lọ́rùn rẹ. Nígbà tí mo bí ọ, ọrùn yẹn kò tíì lè gbé orí, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi ń gbé e tí mo bá ń wẹ̀ ọ́. Èmi kọ́ ni n ó dúró wò ó kí wọ́n di ẹrù lé e. Àfáà ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ẹ̀ẹ̀kan tó, kí o má baà rò pé ó rọrùn fún mi.

Lẹ́yìn náà a mú ọkọ́, èmi àti Fàsílátù. A ro ilẹ̀dú náà pọ̀ mọ́ iyanrìn, a jẹ́ kí ojú ebè rẹlẹ̀ díẹ̀ kí omi lè rí ibi dúró sí, a fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀, a fi koríko bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Omi tí mo bá bu sí i nírọ̀lẹ́, mo máa ń bá ọ̀rinrin rẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ àdéhùn yẹn, mo ti fà á ya. Bí ẹ̀fọ́ jáde, mo wà níbí. Bí kò jáde, mo wà níbí, n ó máa jẹ gààrí.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ owó. Mi ò tọrọ rẹ̀, mò ń béèrè rẹ̀. Owó tí wọn yóò fi ru ìgbẹ́ màlúù láti gáà àwọn Fúlàní, owó ọkọ́ tuntun torí èrúkọ́ tèmi ti là, àti owó róbà gígùn tí a fi ń fa omi láti ibi kànga. Má fi í sí báńkì. Ọjọ́ tí mo lọ síbẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé owó mi jáde kí n wò ó bóyá ara rẹ̀ le, kí n dá a padà fún wọn. Wọ́n ní inú kọ̀ǹpútà ló wà. Mo ti retí àpò ajílẹ̀ tí mi ò rí fún ọdún méjì, ó tó gẹ́ẹ́. Ìwọ ni kí o mú un wá.

O sì máa fẹ́ mọ̀ bóyá tẹ̀tẹ̀ hù. Mi ò ní ya fọ́tò rẹ̀. Wá wò ó. Mú aṣọ tó ṣeé fi ṣiṣẹ́ dání, ìdajì òkìtì náà ṣì wà nílẹ̀, mo fi sílẹ̀ dè ọ́ ni. Ilẹ̀ bàbá rẹ ni. O ti tà á, o ti rà á, ó wá ku kí o fọwọ́ kàn án.

Ọlọ́hun yóò fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kò ní jẹ́ kí o rí ohun tí yóò lé ọ kúrò nínú ilé rẹ, kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ pín ọ kí o tó kú. Àmín, Àmín, Yá Ọlọ́hun.

Èmi ni ìyá rẹ, Bàríkísù, tó wà nílé rẹ̀, tí kò lọ síbì kankan.